Ọkọ̀ Tí Kì Í Ṣe Tèmi

 

Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ Scout ìjọ wa ti kéde pé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn tí à ń pè ní louveteau, yóò tún fi ọkọ̀ onígi sáré nínú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Olúkúlùkù ọmọ ni yóò mú ọkọ̀ kékeré kan wá, èyí tí òun àti òbí rẹ̀ jọ gbẹ́, tí wọ́n sì jọ kùn ní ọ̀dà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú bírò lónìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín bí a ti ń gbẹ́ igi, nítorí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà láàrin yín tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ní ọdún 2018, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe eré náà níhìn-ín, ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí eré náà ti wá. Ní Amẹ́ríkà ni, ní ìlú kan tí ń jẹ́ Manhattan Beach ní ìpínlẹ̀ California, ní oṣù karùn-ún ọdún 1953. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Don Murphy jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ Scout kéékèèké níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10, fẹ́ bá wọn sá eré ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì, èyí tí ọmọ máa ń jókòó sínú rẹ̀ tí ọkọ̀ yóò sì máa yí bọ̀ láti orí òkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pé ọdún 12 ni wọ́n ń gbà sí eré yẹn. Kí ọmọ náà má baà jókòó sílé kí ó máa wòran, baba rẹ̀ ronú kan ọkọ̀ tí ó kéré, tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Ìtí igi páìnì kan, ìṣó mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó parí. Orí pátákó tí a gbé dagun ni ọkọ̀ náà ti ń sáré sọ̀kalẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ni ó sì ń tì í. Ohun tí baba yìí ń wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni iṣẹ́ tí yóò mú baba àti ọmọ súnmọ́ ara wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni èmi gbàgbé.

Òfin tiwọn ni àwọn ọ̀gá wa náà tẹ̀ lé. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 141 lọ.

Ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ọmọ àbúrò mi ni. Awakọ̀ takísì ni àbúrò mi. Peugeot 504 gígùn nì, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ni ó ń wà láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́. Ní ọdún 2014 ni àìsàn mú un lọ, ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Kùtọnu, ni èmi àti ìyàwó mi bá gba ọmọ náà sọ́dọ̀. Bàbá Katikísì ni ó ń pè mí, bí gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń pè mí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí a bá rán an ní iṣẹ́, ó ti lọ. Bí a bá bi í ní ìbéèrè nínú katikísìmù, ó ti dáhùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàkíyèsí ni pé láti ìgbà tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, n kò gbọ́ kí ó mẹ́nu kan baba rẹ̀ rí. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Kí n má purọ́, mo ń dúpẹ́ pé ó ti gbàgbé, nítorí n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún un.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kéde eré náà, ó ya ìwé kan láti inú káyé rẹ̀, ó sì ya àwòrán ọkọ̀ tí ó fẹ́ sí i. Ó gùn gbọọrọ, ó rí bí àpótí, ó sì ní irin ìkẹ́rù lórí. Mo bojú wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Èyí kò lè sáré láéláé.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni a ti kọ́ mi, wọ́n sì kọ́ mi ní physique dáadáa ní séminárì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: bí afẹ́fẹ́ ti ń dí ohun tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ lọ́nà, ìdí tí imú ọkọ̀ òfúrufú fi ṣe ṣóńṣó, ibi tí ó yẹ kí ìwúwo wà. Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, “Ó dáa, Bàbá.” Ó ká ìwé rẹ̀, ó sì dìde.

Mo ra ìtí igi tíìkì kan lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní ọjọ́ Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi ayùn lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ó ń rẹ́ ṣe wọ́gọwọ̀gọ, ni mo bá gbà á. Mo fún un ní ìwé oníyanrìn tí a fi ń dán igi. Ó ń dán ibi kan ju ibi kejì lọ, ni mo bá gba èyíinì náà. Nígbà tí ó yá, ohun tí ó kù tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbé fìtílà sókè kí n lè ríran.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí ó ti sùn, mo jókòó ti ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ó ní kí n ṣe é. Mo fá imú rẹ̀ títí ó fi rí bí àgógó ẹyẹ. Mo dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Mo kùn ún ní ọ̀dà pupa, mo sì kọ 1 gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agogo 1 òru ti lù kí n tó dìde. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ọmọ náà kí ó lè bá a níbẹ̀ bí ó bá jí, mo sì fi ayọ̀ lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dára púpọ̀.” Ó gbé ọkọ̀ náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì lọ gbá àgbàlá. Mo ní inú rẹ̀ dùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá béèrè pé àwọn fẹ́ rí ọkọ̀ rẹ̀. Mo wà nínú yàrá, mo sì gbọ́ ohun tí ó fi dá wọn lóhùn. Ó ní, “N kò tíì ní. Ti Bàbá Katikísì ni ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹni tí ó ń sọ pé fìlà mi ni ó wà níbẹ̀ ni ó sọ ọ́.

Ìyàwó mi náà gbọ́. Ó wolé wá bá mi, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó wọ aṣọ louveteau ní ọjọ́ eré náà ni?” N kò rí èsì fọ̀. Ó wá fi ìwé àwòrán náà lé mi lọ́wọ́. Abẹ́ ẹní ọmọ náà ni ó ti rí i nígbà tí ó ń gbá ilé.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Mo wò ó, mo sì rí ohun tí n kò rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ara ọkọ̀ náà funfun, àfi ilẹ̀kùn kan, ti ẹ̀yìn ní ọwọ́ òsì, tí ó fi bírò kùn ní búlúù. Ara mi bù máṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wọ ọkọ̀ àbúrò mi rí yóò rántí ilẹ̀kùn náà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ògiri ní ọjọ́ kan, mẹkaníìkì sì yọ ilẹ̀kùn búlúù lára ọkọ̀ àlòkù, ó fi rọ́pò tirẹ̀. Ó ń sọ pé bí owó bá dé, òun yóò kùn ún ní funfun. Owó kò dé títí ó fi kú. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbàgbé ilẹ̀kùn náà. Ọmọ ọdún 5 kò gbàgbé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Èmi ni mo ta ọkọ̀ náà. Gbèsè ìtọ́jú pọ̀ lẹ́yìn ikú àbúrò mi, àwọn tí a jẹ lówó sì ń bọ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ó rà á wá gbé e, mo ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó má baà rí i. Ṣùgbọ́n ó sá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wò títí eruku fi bo ọkọ̀ náà lójú rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan fún un. Mo ní ọmọdé ni, kí ni ó mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo rí ilẹ̀kùn búlúù yìí, mo pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, kò wọ́pọ̀ kí àgbà bẹ ọmọdé, ó sì ṣòro fún mi. Mo ní, “Má bínú. Iṣẹ́ rẹ ni mo gbà ṣe. Mo ti rí àwòrán rẹ, mo sì mọ ọkọ̀ tí ó jẹ́.” Ó dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni ó sọ. Ó ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ta ọkọ̀ Bàbá mi?”

Mo sọ òtítọ́ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, gbèsè àti gbogbo rẹ̀. Ó tún dákẹ́. Ó wá béèrè pé, “Ṣé ẹni tí ó rà á ń tọ́jú rẹ̀?” Mo ní n kò mọ̀. Ó mi orí. Àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pè wá jẹun.

Ó ku ọjọ́ 8 kí eré náà pé, a kò sì ní igi. Ẹ mọ̀ pé ní Kétu, kò sí ẹni tí kò mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 láàrin àwọn ìṣúra àṣà aráyé. Igi tí a fi ń gbẹ́ ère orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, nítorí ènìyàn ni yóò rù ú tí yóò sì máa jó. Àwọn agbẹ́gilére náà a sì máa gbẹ́ ohun ayé òde òní sórí rẹ̀, ìbáà ṣe alùpùpù, ìbáà ṣe ọkọ̀ òfúrufú. Mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá agbẹ́gilére kan tí ó ti dàgbà. Bàbá náà kò kọ ojú sí mi rárá. Ọmọ ni ó kọjú sí, ó ní, “Ìwọ ni o ni ọkọ̀? Kí ni o fẹ́ kí ó jẹ́?” Ọmọ náà sọ fún un. Bàbá wo ilẹ̀ láàrin àwọn èékù igi rẹ̀, ó ṣa ọ̀kan, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó sì fi fún un láìgba owó.

Ìbéèrè tí bàbá yẹn bi ọmọ, n kò bi í rí láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ṣe èkejì. Ọmọ ni ó ya igi. Òun ni ó rẹ́ ẹ. Èmi kàn di igi mú kí ayùn má baà gé e lọ́wọ́ ni. Ibi tí ó ṣe wọ́gọwọ̀gọ, a fi ìwé oníyanrìn dán an, èyí tí kò sì lọ, a fi í sílẹ̀. A gé ẹsẹ̀ mẹ́rin láti ara àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà rọ́bà tí ó ti já. A gé ọ̀pá bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán sí kéékèèké, a ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ihò ẹsẹ̀, kí ìṣó má baà máa ha rọ́bà. A fi fáìlì dán ìṣó, nítorí ìṣó tuntun a máa ní ìdànù irin lábẹ́ orí rẹ̀ tí yóò máa fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó lọ dúdú inú kréyọ́ọ̀nù kúnná bí àtíkè, a fi í sí ẹnu ìṣó kí ó lè máa yọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà, irú ìyẹ̀fun dúdú yìí ni wọ́n ń lò.

A gbé ọkọ̀ náà lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá oníyẹ̀fun. Kò pé gíráàmù 100. Nígbà náà ni ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè pé, “Bàbá, ṣé kí ó fúyẹ́ ni ó dára ni, tàbí kí ó wúwo?” Inú mi dùn ju bí mo ti lè sọ lọ. Mo ní kí ó wúwo dé ibi tí òfin gbà, nítorí afẹ́fẹ́ kò ní lè tètè dá ohun tí ó wúwo dúró. Mo ní kí ìwúwo náà sì wà lẹ́yìn, nítorí lórí pátákó tí ó dagun, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ga jù, ibi tí ó bá sì ga ni agbára ìsọ̀kalẹ̀ wà. A gbẹ́ ihò sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, a sì fi òjé tí ó wà létí àwọ̀n ẹja dí i títí ó fi kù díẹ̀ kí ó pé iye tí òfin wí. A fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀dà. Physique kan náà ni mo sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí ó ní etí tí ó ń béèrè rẹ̀.

Ọ̀dà gba ọjọ́ méjì. Funfun tí ó kù nígbà tí a kun fèrèsé ni a lò. A kùn ún lẹ́ẹ̀kan, a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, a tún un kùn. Oníṣẹ́ ọ̀dà tí ń kọ pátákó ìpolówó bu búlúù díẹ̀ fún wa nínú ìdérí agolo mílíìkì. A run orí pákò títí ó fi di búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà kun ilẹ̀kùn búlúù fúnra rẹ̀, ó fi ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kò sì mí. Ó fi ìṣá ìgbálẹ̀ àti òwú ṣe irin ìkẹ́rù. Ìyàwó mi gé àkísà aṣọ fún un, ó dì wọ́n ní ẹrù kéékèèké márùn-ún, ó sì so wọ́n mọ́ orí ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Bàbá, nǹkan kan wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ. N kò tíì mọ ìwé nígbà náà. Kí ni wọ́n kọ?”

Mo ní, “Ó dàbọ̀ ni wọ́n kọ.”

Ó ní, “Òun ni ó kẹ́yìn tí mo rí.”

Ó ti orí abẹ́rẹ́ bọ ọ̀dà pupa, ó sì kọ ọ́. O àkọ́kọ́ tóbi jù, ìparí ọ̀rọ̀ náà sì há mọ́ etí. Kò fi àmì kankan sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò fi kín-ín-kín-ín sí abẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìwé Yorùbá, ọwọ́ ń yún mi. Mo fi ọwọ́ náà sí abẹ́ itan mi, mo sì jókòó lé e.

Ọkọ̀ 12 ni ó wá ní ọjọ́ eré. Pátákó mẹ́ta ni wọ́n gbé dagun lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Kí ọkọ̀ kankan tó sáré, bàbá méjì ti ń bá ọ̀gá jà nítorí òṣùwọ̀n. Ọ̀kan ní òṣùwọ̀n náà ń purọ́, èkejì ní wọ́n gbè lẹ́yìn ẹnìkan. Àwọn ọmọ wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wo ilẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Mo mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ pupa ni mo gbé wá, èmi ni yóò ṣe ẹlẹ́kẹta wọn.

Ọkọ̀ wa ṣe ipò kẹta nínú mẹ́ta ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, ó gba ipò kìn-ín-ní, nítorí ọkọ̀ kan fò kúrò lórí pátákó, èkejì sì dúró ní àárín ọ̀nà. Ní ìgbà kẹta, bí ó ti ń sáré bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹrù orí rẹ̀ já bọ́. Kí ọkọ̀ náà tó dé ìsàlẹ̀, ọmọ wa ti sá lọ sí àárín pápá láti lọ mú ẹrù náà. Ọ̀gá pariwo mọ́ ọn pé kí ó kúrò lọ́nà. Ó gbé ẹrù àkísà náà sókè, ó ní, “Ẹrù èrò ni! Bàbá mi kì í fi ẹrù èrò sílẹ̀ lọ́nà!”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn awakọ̀ méjì tí wọ́n mọ àbúrò mi wà níbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní òtítọ́ ni ọmọ wí. Èmi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ọdún 4, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò sọ̀rọ̀ baba rẹ̀ níwájú ayé.

Ipò keje nínú 12 ni a gbà.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń múra eré yìí sílẹ̀, ohun tí ó léwu ni kí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe, ìyókù ẹ fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun rí bí àpótí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé àpótí wo ni. Ẹ wá igi tí ó fúyẹ́, ẹ gbé ìwúwo sẹ́yìn, ẹ dán ìṣó yín dáadáa. Ẹ má sì fi òru ṣe é nígbà tí ọmọ ń sùn.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Ọkọ̀ méjèèjì ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa. Bí àlejò bá béèrè, yóò fi ọwọ́ kan funfun, yóò ní, “Tèmi àti ti Bàbá mi nìyí.” Yóò fi ọwọ́ kan pupa: “Ti Bàbá Katikísì nìyẹn. Kò sáré rí.”